Lẹ́tà Ọ̀ọ́dúnrún Lórí Ibojì Bàbá Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, wọ́n ti gbàdúrà òkú lé èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí lórí rí. Ìṣojú mi ni wọ́n ti ṣe é. Mo tilẹ̀ ṣe àmín sí i. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín, bóyá ẹnì kan á ti ibẹ̀ kọ́gbọ́n.

Adésọjí Lágúnjú ni orúkọ mi. Ọmọ Ifẹ̀ ni mí, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Bàbá mi, Jòsáyà Àlàó Lágúnjú, fi gbogbo ayé wọn wa lọ́rì kòkó. Nígbà tí wọ́n kú, inú ọgbà ilé wọn ní Òkè-Ogbó la sin wọ́n sí. Àwa méjì péré ni ọmọ tí wọ́n bí: èmi, àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Mojíre, tí ìyá wa kì í ṣe ọ̀kan náà.

Bí ọdún ṣe fẹ́ yí po, ẹbí ní kí á fi òkúta mábù sórí ibojì náà, kí á kọ ọ̀rọ̀ sí i. Wọ́n ní kí èmi kọ ọ́, torí pé èmi ni mo kàwé jù.

Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣúndáre, ẹni tó ń gbẹ́ òkúta ní Lágere, ti wá wọn ibojì náà, ó sì ti gé òkúta sílẹ̀. Ó wá kìlọ̀ fún mi.

"Bọ̀ọ̀dá, lẹ́tà ọ̀ọ́dúnrún ni òkúta yín lè gbà. Àlàfo wà nínú ẹ̀ o, kọ́mà náà wà nínú ẹ̀. Tó bá fi ẹyọ kan lé, mi ò ní gbẹ́ ẹ."

Ọ̀ọ́dúnrún! Lójú tèmi, ó pọ̀ ju ohun tí mo nílò lọ. Ẹ̀yin náà, ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Kí ẹ tó kí bàbá yín tán, ìdajì ti lọ.

Tẹniọlá, ìyàwó mi, ló fi ojú ewé kan hàn mí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó da ọ̀rọ̀ yín sínú àpótí kan, ẹ ó kọ iye tí ẹ kò gbọdọ̀ kọjá, yóò sì bá yín ka lẹ́tà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ yín bá wọlé, iye náà á dà bí àwọ̀ ewé. Tó bá lé, á pọ́n bí ojú ẹni tí wọ́n gbá létí.

Tèmi pọ́n.

Kì í ṣe pé mo sọ̀rọ̀ jù. Ẹ̀rọ náà ń ka àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ bíi pé lẹ́tà ni wọ́n. Mo pe Ọ̀ṣúndáre, ó ní ohun tí ẹ̀rọ náà bá kà lòun máa gbà, torí ẹ̀rọ kì í gbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ni mo bá bọ́ gbogbo àmì kúrò lára ọ̀rọ̀ mi bí ẹni bó ẹ̀pà. Iye náà di àwọ̀ ewé. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Wásáàpù ẹbí wa, mo bọ́ bàtà, mo jókòó.

Mi ò tíì jókòó dáadáa tí Mọ́mì Fọláyọ̀ fi pè mí. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni wọ́n.

"Adésọjí, ta ni ọkọ ẹ̀?"

"Ọkọ ta ni, Mọ́mì?"

"O kọ ọ́ síbí pé, 'O feran oko re.' Bọ̀ọ̀dá mi ní ọkọ ni?"

"Ọkọ̀ ni, Mọ́mì! Ọkọ̀. Lọ́rì!"

"Ṣé lọ́rì lo kọ? Mo ti fi han àwọn obìnrin ìjọ. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ti ń fura tẹ́lẹ̀."

Mo dá àmì padà. Iye náà tún pọ́n.

Bí mo ṣe ń wá ibi tí mo máa gé, Alhaji Hakeem pè. Àwọn ló tẹ̀lé bàbá mi, àwọn sì ni olórí ẹbí báyìí.

"Adésọjí, kí ló dé tí o fi ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní 'ó'? 'Ó fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀.' Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni?"

"Dádì, ẹ má bínú. 'Wọ́n' ló gùn ju 'ó' lọ."

"Ọ̀wọ̀ ló gùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ń jẹ lẹ́tà."

"Subhanallahi! Nítorí lẹ́tà, o fẹ́ fi òkú àgbà ṣe ẹgbẹ́ ọmọdé. Dá 'wọ́n' padà kíákíá. Orúkọ mi dà níbẹ̀?"

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Mi ò rò pé orúkọ ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí ti Bàbá àti tàwa ọmọ yẹ kó wà níbẹ̀. Àmọ́ bí mo ṣe ní màá fi ti Alhaji sí i, Mọ́mì Fọláyọ̀ ní ṣé inú igbó ni wọ́n ti rí àwọn ni.

Nígbà tí a ṣe ìpàdé ní Òkè-Ogbó, gbogbo ẹbí ti mọ ojú ewé yẹn. Ẹ ò rí nǹkan! Bàbá arúgbó tó máa ń ní ká bá òun pe nọ́ńbà lórí fóònù, òun náà ti ń da orúkọ ara ẹ̀ sínú àpótí.

Alhaji wo fóònù wọn, wọ́n bojú jẹ́. "Fọláyọ̀ ní lẹ́tà jù mí lọ. Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú wa?"

"Orúkọ mi ló gùn," Mọ́mì dáhùn. "Ìyá Ìjọ Fọláyọ̀ Lágúnjú-Ayọ̀ọlá. Ẹ̀bi mi kọ́."

"Yọ Ayọ̀ọlá kúrò. Ṣé ọkọ ẹ ló bí ẹ̀gbọ́n mi ni?"

"Kí ẹ kọ́kọ́ yọ Olóyè yín ná!"

"Oyè ni mo jẹ, mi ò jí i!"

"Èmi náà, mo lọ́kọ, mi ò jí i!"

Ẹni tó kọjá lójú ọ̀nà á rò pé ilẹ̀ là ń pín. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí n yọ 'onísùúrù' kúrò, torí pé kò sẹ́ni tó rántí pé awakọ̀ lọ́rì kankan ní sùúrù. Mo yọ ọ́. Mo yọ 'láti ọ̀dọ̀' náà, torí pé mo rò pé ẹni tó bá ka orúkọ wa á mọ̀ pé àwa la fi òkúta náà síbẹ̀.

Àǹtí Mojíre nìkan ni kò bá wọn dá sí i. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Àwọn ló gbé pẹ̀lú Bàbá títí wọ́n fi kú. Nígbà tí Bàbá kò lè dìde mọ́, àwọn ló ń wẹ̀ wọ́n, àwọn ló ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Ọjọ́ Sunday ni èmi máa ń yọjú, màá kí wọn, màá sì máa lọ.

Ẹ wá gbọ́ ìwà tí mo hù.

Mo wà ní ọ́fíìsì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti ẹ̀rọ náà, a ń wo ara wa. Mo ń wo orúkọ àwọn yòókù: Alhaji Olóyè, Ìyá Ìjọ. Tèmi, tó ṣáájú torí pé ọmọ ni mí, wà lásán, Adésọjí, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́. Mo ti pẹ́ lẹ́nu ìwé gíga tí wọ́n fi ń di ọ̀mọ̀wé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà ń dá iṣẹ́ mi padà ni ṣáá. Ọwọ́ mi kàn yà sórí bọ́tìnì, mo tẹ 'Ọ̀mọ̀wé' síwájú orúkọ mi.

Ó dára lójú! Mo sọ fún ara mi pé òkúta kì í tètè bàjẹ́, kó tó bàjẹ́, màá ti parí ìwé náà.

Àmọ́ ẹ̀rọ pọ́n. Ọ̀mọ̀wé yẹn, àmì ló kún ara ẹ̀. Mo wá ohun tí mo lè gé. Tí mo bá gé Alhaji, wọ́n á pe ìpàdé. Tí mo bá gé Mọ́mì, wọ́n á sunkún dé ilé wa. Ojú mi bá lọ síbi orúkọ Àǹtí Mojíre.

Àǹtí Mojíre kì í jà.

Mo gé e. Iye náà di àwọ̀ ewé, ọkàn mi sì balẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù títí di òní nìyẹn, pé ọkàn mi balẹ̀.

Nígbà tí mo fi han Tẹniọlá nílé, ó wo fóònù, ó wò mí.

"Dádì Ẹniolúwa, ẹni tó ń wẹ Bàbá lẹ yọ?"

"Ẹ̀rọ ni kò gbà á."

"Ẹ̀rọ ló tẹ Ọ̀mọ̀wé yìí náà?"

Mo ní kó lọ wo ìkòkò rẹ̀ lórí iná. Kò sí ìkòkò kankan lórí iná.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí Òkè-Ogbó láti lọ fi irọ́ tu Àǹtí Mojíre nínú.

"Àǹtí mi, ẹ̀rọ yẹn ò gba orúkọ yín o. Mo gbìyànjú títí."

"Ẹ̀rọ kọ̀ mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé ó mọ̀ mí ni?"

Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára wọn. "Kò burú. Ṣáà rí i pé ti Bàbá dára." Wọ́n bá lọ bu ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá fún mi. Ẹ̀yin ará, mo jẹ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ tí Ọ̀ṣúndáre fẹ́ gbẹ́ òkúta, iná dé, ó sì pè mí pé òun ti tan ẹ̀rọ ìgbẹ́kùúta òun, kí n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kí iná tó lọ. Mo ti fẹ́ fi ránṣẹ́ nígbà tí ìpè Alhaji wọlé.

"Adésọjí, bá mi yọ̀! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí jẹ Bàbá Àdínì ní mọ́sálásí wa. Fi sí i."

"Dádì, kò sáyè mọ́."

"Ṣé o fẹ́ kí ayé máa ka oyè àná lára mi?"

Mo fi sí i. Ẹ̀rọ pọ́n. Orúkọ Bàbá wà lókè pátápátá, ó sì tún wà nínú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e: 'Ibí ni bàbá wa ọ̀wọ́n, Jòsáyà Àlàó Lágúnjú, sùn sí.' Mo ní ẹ̀ẹ̀mejì kí ni? Mo yọ ti òkè. Ó di àwọ̀ ewé.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Lágere. A ò tíì rìn jìnnà tí Mọ́mì Fọláyọ̀ pè.

"Mo gbọ́ pé o ti fi Bàbá Àdínì kún ti Hakeem. Èmi náà, Ìyá Ìjọ Àgbà ni mí. Kọ 'Àgbà' sí i."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́..."

"Tí kò bá sí níbẹ̀, mi ò ní wá. Kí ẹ ṣe ìrántí yín."

Mo kọ 'Àgbà' sí i. Ẹ̀rọ pọ́n. Ọ̀ṣúndáre ń pè, mi ò gbé e. Awakọ̀ ń bú ọlọ́kadà kan, ọkọ̀ ń jó lórí kòtò, fóònù ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo rí orúkọ Bàbá nínú ọ̀rọ̀ náà, mo sì rántí pé ẹ̀ẹ̀mejì ló wà. Mo sọ pé, ṣebí ó ti wà lókè. Mo yọ ọ́.

Ọ̀ọ́dúnrún géérégé! Àwọ̀ ewé! Díẹ̀ ló kù kí n fẹnu ko fóònù náà lẹ́nu. Mo fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, mo sì ní kí awakọ̀ sọ̀ mí kalẹ̀, kí n padà síbi iṣẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ lọ wò?

Ọjọ́ ìrántí pé. Wọ́n ti gbé òkúta náà síbẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ funfun bò ó. Ẹbí pé, àwọn aládùúgbò pé. Pásítọ̀ Awóníyì ló wá gbàdúrà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn wá sí Ifẹ̀ ni, wọn ò mọ bàbá mi rí, wọn ò sì mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wa.

Alhaji àti Mọ́mì jọ di aṣọ náà mú, torí pé kò sí èyí tó gbà kí èkejì ṣí i. Wọ́n fà á. Pásítọ̀ gbé awò wọn sójú, wọ́n kà á sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́:

"'Ibí ni bàbá wa ọ̀wọ́n sùn sí. Wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ wọn. Ọ̀mọ̀wé Adésọjí Lágúnjú...'"

Mo gbérí sókè díẹ̀ nítorí Ọ̀mọ̀wé. Ẹ ò rí i pé mi ò tilẹ̀ fura.

Pásítọ̀ ka ìyókù, wọ́n sì mi orí. "Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wo àpẹẹrẹ! Ẹni tó wa ọkọ̀, síbẹ̀ tó kàwé títí tó fi di Ọ̀mọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà. Baba, a dúpẹ́ fún ayé Ọ̀mọ̀wé Adésọjí tí ó sùn síbí. Kí o tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere."

"Àmín!" ni gbogbo wa ké. Tèmi ló ròkè jù.

Tẹniọlá fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí n tó yanu, Pásítọ̀ tún ti bọ́ síwájú.

"Bákan náà ni a fi Bàbá Àdínì Alhaji Olóyè Hakeem àti Ìyá Ìjọ Àgbà Fọláyọ̀ tí wọ́n jọ sùn pọ̀ sínú ibojì kan yìí..."

"Astaghfirullah!" Alhaji fò sẹ́yìn. "Pásítọ̀, èmi rèé! Mo wà láyé!"

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Mọ́mì Fọláyọ̀ ti ń gbá orí ara wọn pẹ̀lú gèlè. "Mi ò sùn! Mi ò sùn o!"

Pásítọ̀ bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi sójú. Gbogbo ọgbà náà dá rú. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń fi fóònù ya òkúta náà. Mọ́mì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yà á, lẹ́yìn náà wọ́n béèrè bóyá 'Àgbà' hàn dáadáa.

Láàárín ariwo yẹn, Àǹtí Mojíre rìn wá síwájú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka tọ ọ̀rọ̀ orí òkúta náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n yí i po, wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbogbo. Wọ́n tún padà wá.

"Adésọjí," wọ́n ní. "Bàbá dà?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo yọ fóònù, mo ń wá ẹ̀rí tí mo máa fi gba ara mi sílẹ̀, àfi àwọ̀ ewé yẹn tó ń tàn yòò lójú mi. Ẹ̀rọ yẹn ò ṣìṣe. Kò mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè, kò sì sí ẹni tó bi í.

Mo pe Ọ̀ṣúndáre níwájú wọn. "Ṣé o ò rí i pé kò sí orúkọ òkú níbẹ̀ ni?"

"Mo rí i, Bọ̀ọ̀dá. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe é nílé yín ni."

Ẹ̀yin ará, mo rò pé ó parí síbẹ̀ ni. Àwòrán òkúta náà gba orí Wásáàpù lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Monday, mo ti kú káàkiri Ifẹ̀. Bí mo ṣe yọ sí ọ́fíìsì, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sá fi àga rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti gbé tábìlì kan sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ti ṣí ìwé ìbánikẹ́dùn lé e. Mo kà á. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ pé: 'Kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, àmọ́ ó máa ń kí ènìyàn.'

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà. Ìyàwó mi ni wọ́n pè.

"Ìyàwó, ẹ kú àráfẹ́rakù, ẹ kú àtẹ̀mọ́ra. Ikú náà dùn mí gan-an. Àmọ́ ẹ dákun, ta ló fún un ní Ọ̀mọ̀wé?"

Tẹniọlá gbé fóònù fún mi. "Ẹ bá òkú sọ̀rọ̀, sà," ló sọ. Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá mi sọ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè kọ ọ́ síbí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo padà sí Òkè-Ogbó. Àǹtí Mojíre ń gbálẹ̀ yí ibojì náà ká. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

"Àǹtí mi, kì í ṣe ẹ̀rọ ló yọ yín. Èmi ni. Mo fẹ́ fi àyè yín kọ Ọ̀mọ̀wé."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ẹ̀rọ tí kò mọ̀ mí rí, kí ló máa fi mí bínú sí?"

Wọn ò tíì ní kí n dìde. Wọ́n gbálẹ̀ náà tán, wọ́n da ìdọ̀tí nù, wọ́n fọwọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ní, "Dìde. Eèrà wà níbẹ̀."

Ẹbí tún pé jọ. Ọ̀ṣúndáre ní kò pọn dandan kí á ra òkúta míràn, kí á dojú èyí délẹ̀, kí òun sì gbẹ́ orúkọ Bàbá sí ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo wa gbà, àfi Mọ́mì Fọláyọ̀.

"Ẹ fẹ́ dojú orúkọ mi dé erùpẹ̀, lórí òkú? Ẹ ti fẹnu sin mí lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún fẹ́ fọwọ́ sin mí!"

Alhaji, tí wọn kì í gbà pẹ̀lú Mọ́mì lórí ohunkóhun, ní òótọ́ lọ̀rọ̀ àbúrò wọn. Ìdájọ́ ẹbí wá ni pé kí á kọ́kọ́ ha gbogbo orúkọ kúrò. Ta ni yóò ha á? Ẹ̀yin náà mọ̀.

Ọ̀ṣúndáre yá mi ní òòlù àti irin. Mo jókòó sábẹ́ oòrùn nínú ọgbà bàbá mi, mo ń ha oyè kúrò lára òkúta. Àwọn tó ń kọjá ń kí mi pé ẹ kú iṣẹ́. Bàbá Àdínì tètè lọ. Ìyá Ìjọ Àgbà fà díẹ̀. Tèmi ló le jù, torí pé èmi ni mo bẹ Ọ̀ṣúndáre kó gbẹ́ Ọ̀mọ̀wé wọlé dáadáa. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Ọ̀rọ̀ tí mo ní fún yín kò ju èyí lọ: kí ẹ tó gé ẹnikẹ́ni kúrò, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀.

Àǹtí Mojíre ni ẹbí wá ní kí wọ́n sọ ohun tí Ọ̀ṣúndáre máa gbẹ́. Wọn ò kọ ọ́ sórí ohunkóhun. Wọ́n kàn sọ ọ́ sí i létí: Jòsáyà Àlàó Lágúnjú. Awakọ̀ lọ́rì.

Ọ̀ṣúndáre gbẹ́ ẹ tán, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀ dànù, ó sì sún sẹ́yìn. Orúkọ náà wà lókè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì mọ́ funfun gbalasa.

"Àǹtí, àyè ṣì pọ̀ o," ó ní. "Kí ni kí n tún kọ sí i?"

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," Àǹtí Mojíre dáhùn. "Bàbá ga púpọ̀. Wọ́n á fẹ́ na ẹsẹ̀."